Ọmọ Tí Wọ́n Gbé fún Alágbàtọ́ ní Tilbury: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan

Ẹni tó bá wo eré Oz lórí tẹlifíṣọ̀n láàárín 1997 sí 2000 kò ní gbàgbé Adebisi, ẹlẹ́wọ̀n gìrìpá tó ń fi fìlà pénpé kọ́ ẹ̀gbẹ́ orí, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó dì í mú. Ọmọ Yorùbá ló ṣe é. Adewale Akinnuoye-Agbaje lorúkọ rẹ̀. Islington ní London ni wọ́n bí i sí ní oṣù Ògún 1967, àwọn òbí tó wá kàwé ló bí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé nígbà tí Adéwálé wà ní ọ̀dọ́langba, àwọn skinhead ló ń bá rìn: àwọn ọmọ òyìnbó tó fárí kodoro, tó wọ bóótù, tó ń lé ènìyàn dúdú káàkiri ìgboro. Ó ń bá wọn lu àwọn tó jọ ọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ayé gbọ́. Ó kọ ọ́, ó sì darí rẹ̀ ní fíìmù tó pè ní Farming, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Toronto ní 2018, tí Genevieve Nnaji ti ṣe ìyá tó bí i. Fíìmù kọ́ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ kan ni, ọjọ́ orí tí wọ́n ṣe é fún un, àti ohun tí ọkàn ọmọ náà fi dáhùn. Àwọn kan á ka ìtàn yìí, wọ́n á ní ìwà ìkà òyìnbó ni. Àwọn mìíràn á ní òbí burúkú ni. Èmi ò gba ìkankan nínú méjèèjì tán.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ àwọn òbí bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ni ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bú. Láti nǹkan bí àárín ọdún 1950 sí 1960 lọ, àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ń rọ́ lọ sí ìlú ọba láti kọ́ òfin, ìṣirò owó àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òmìnira ń bọ̀, ipò ń ṣí sílẹ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn, ẹni tó bá tètè gba ìwé ẹ̀rí ni yóò jókòó sórí àga tí òyìnbó bá dìde kúrò. Ọkọ ń lọ sí kíláàsì lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ lóru. Ìyàwó náà ń kàwé, ó ń ṣiṣẹ́, oyún sì dé. Yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, onílé tó bá gbọ́ igbe ìkókó sì lè ní kí wọ́n kó ẹrù wọn. Òfin ọdún 1965 tó de ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Ọdún 1968 ni wọ́n tó fi ilé àti iṣẹ́ kún un. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí Adéwálé, onílé ṣì lè wo ojú bàbá rẹ̀ kó ní òun kì í gba ènìyàn dúdú sílé, ọlọ́pàá kankan kò sì ní bi í.

Ibi tí wọ́n yíjú sí ni ìwé ìròyìn kan tí àwọn olùtọ́jú ọmọ máa ń kà, Nursery World. Òbí á san owó ìpolówó, á ní òun ń wá ilé rere fún ìkókó. Ìyá òyìnbó kan ní Kent, Sussex, Essex tàbí Hertfordshire á fèsì. Wọ́n á dá iye tí wọ́n á máa san lọ́sẹ̀, wọ́n á gbé ọmọ fún un, wọ́n á padà sídìí ìwé. Kò sí adájọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Òfin ọdún 1958 ti ní kí alágbàtọ́ irú èyí fi tó káńsù létí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò sọ, káńsù náà kò sì tọ pinpin rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà àti Gánà ló gba ọ̀nà yìí kọjá. Seal, olórin tí orúkọ àbísọ rẹ̀ jẹ́ Olúṣẹ́gun Adéọlá Samuel, wà lára wọn; ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ ní Romford ló ti lo ìgbà ìkókó rẹ̀.

Kí ló dé tí òbí tó gbọ́n, tó ń kọ́ òfin, fi lè gbé ọmọ ọwọ́ fún àjèjì? Torí pé lójú tiwọn, ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti ilé ni. Ta ni kò mọ ọmọ tó dàgbà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, lọ́dọ̀ tíṣà, tàbí lọ́dọ̀ àǹtí tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀? Bóyá àwọn òbí náà ti gbé lọ́dọ̀ alágbàtọ́ rí, tí wọ́n sì rò pé ibẹ̀ làwọn ti kọ́ ọgbọ́n. Esther Goody, onímọ̀ àṣà tó ṣe ìwádìí lórí ọmọ alágbàtọ́ ní àríwá Gánà, bá àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà ní London sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ó sì fi ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ wé àṣà tí wọ́n bá nílé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àṣà náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nílé. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ń gbọ́ oríkì ìdílé rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ìyá ẹlẹ́kọ tó ń kiri kọjá mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Bí ìyà bá pọ̀ jù lára rẹ̀, aládùúgbò á dá sí i. Bí aṣọ ọdún bá dé, wọ́n á sọ fún un pé, "Bàbá rẹ ló fi ránṣẹ́ láti Èkó." Bí bàbá náà bá kúkú wá, gbogbo agboolé ló máa pariwo pé bàbá ọmọ dé. Àṣà náà ní ẹlẹ́rìí. Nígbà tí wọ́n gbé e sọdá òkun, ọmọ àti owó nìkan ni wọ́n gbé; ẹlẹ́rìí kankan kò bá wọn wọ ọkọ̀. Èrò tèmi nìyí nípa gbogbo ọ̀rọ̀ náà, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi wo ohun tó kù.

Ọmọ ọ̀sẹ̀ 6 ni Adéwálé nígbà tó dé Tilbury. Ìlú èbúté ni Tilbury, létí odò Thames ní Essex. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Windrush gúnlẹ̀ sí ní oṣù Òkúdù 1948 pẹ̀lú àwọn ará Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù yòókù, ṣùgbọ́n àwọn tó bọ́ sílẹ̀ kò dúró. Wọ́n bá ọ̀nà London lọ. Tilbury wà bó ṣe wà, ìlú òṣìṣẹ́ èbúté, ìlú aláwọ̀ funfun. Awakọ̀ akẹ́rù ni baálé ilé tó gba ọmọ náà. Gẹ́gẹ́ bí Adéwálé ṣe sọ, nígbà mìíràn ọmọ Áfíríkà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló ń gbé nínú ilé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó ọ̀sẹ̀ sì ń bá orí kọ̀ọ̀kan wọlé. N kò sọ pé kò sí ìfẹ́ níbẹ̀. Ìyá kan ṣoṣo tí ọmọ náà mọ̀ wà nínú ilé yẹn.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ ká rọra. Ní 1951, John Bowlby, oníṣègùn ọpọlọ ọmọdé, kọ ìròyìn kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó ní ohun tí ìkókó nílò kí ọpọlọ rẹ̀ tó lè dàgbà gaara ni àjọṣe tó gbóná, tí kò já, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tàbí pẹ̀lú ẹnì kan tó dúró gbọn-in ní ipò ìyá. Tàbí ẹnì kan. Nítorí náà, kì í ṣe pé ọmọ ti bàjẹ́ lọ́jọ́ tó wọ ilé òyìnbó. Ọmọ lè dúró níbẹ̀ kó yè. Ohun tó léwu ni kí okùn náà já lẹ́yìn tó ti so tán.

Ó sì já. Ọmọ ọdún 8 ni nígbà tí àwọn òbí tó bí i wá gbé e, wọ́n sì mú un lọ sí Nàìjíríà. Lójú òbí, wọ́n ń mú ọmọ lọ sílé. Lójú ọmọ, àwọn àlejò kan wá gbé e kúrò nílé. Ẹni tó bá mọ ilé wa lè fojú inú rí ohun tó kàn: ọmọkùnrin kan dúró láàárín yàrá, ẹbí yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ lóhùn tí kò gbọ́ rí. Àgbàlagbà wọlé, ọmọ náà wò ó lójú tààrà, kò dọ̀bálẹ̀. Ẹnì kan á ti máa sọ lábẹ́ ohùn pé wọn ò kọ́ ọmọ yìí nílé. Yorùbá ni gbogbo wọn ń sọ, kò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Adéwálé sọ pé òun yadi. Kì í ṣe pé kò gbọ́ Yorùbá nìkan. Ohùn rẹ̀ lọ. N kò ní jókòó síbí kí n fi orúkọ àìsàn lé ọmọ olọ́mọ lórí. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ọmọdé mọ irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa, wọ́n sì ti kíyè sí i pé ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tí ìdílé wọn ṣí kúrò nílùú kan sí òmíràn ju láàárín àwọn yòókù lọ. Kì í ṣe agídí. Ẹ̀rù ló máa ń di ọmọ lọ́fun. Ẹni tó bá sì ń na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó lè sọ̀rọ̀ ń fi kún ìdí tí kò fi ní sọ ọ́.

Kò pẹ́ púpọ̀, wọ́n dá a padà sí Tilbury. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró wo èyí. Ìyá tó mọ̀ kọ́ ló bí i. Ìyá tó bí i wá gbé e. Ìyá tó bí i tún dá a padà. Bí mo bá ní kí n mú ọjọ́ kan nínú ìtàn yìí pé ọjọ́ náà ló ba ọ̀ràn jẹ́, ọjọ́ ìdápadà yìí ni màá mú, kì í ṣe ọjọ́ ọ̀sẹ̀ 6. Ìkókó kò lè béèrè pé kí ni mo ṣe. Ọmọ ọdún 8 lè béèrè, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì dá a lóhùn, á wá ìdáhùn fúnra rẹ̀. Ibi tí ojú rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà ni yóò mú un. Adéwálé mú àwọ̀ ara rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fáwọn oníròyìn pé òun máa ń gbìyànjú láti fọ dúdú náà kúrò lára.

Ìgbà tó padà sí i kò dára rárá. National Front, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òyìnbó tó kórìíra àlejò, ń yan kiri láàárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n ń pariwo pé kí gbogbo ènìyàn dúdú padà sílé. Àwọn skinhead gba òpópónà Tilbury. Bí wọ́n bá lu Adéwálé tó sì sá wọlé, alágbàtọ́ rẹ̀ ọkùnrin kì í gbà á sílé. Á ní kó padà lọ jà. Ìta kò gbà á, ilé kò gbà á. Ó jà títí àwọn tó ń lù ú fi rí i pé ọwọ́ rẹ̀ le. Wọ́n sì gbà á sínú ẹgbẹ́, bí ẹni gba ajá tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á.

Anna Freud, onímọ̀ nípa ọkàn ọmọdé tó sá wá sí London lẹ́yìn náà nítorí Hitler, ti kọ nípa èyí ní 1936: ọmọ tí ẹ̀rù ẹnì kan ń bà máa ń gbé ìwà ẹni náà wọ̀, kó lè bọ́ kúrò nípò ẹni tí wọ́n ń dẹ́rù bà. Ọ̀pọ̀ tó ń gbọ́ ìtàn yìí máa ń sọ pé wèrè ni ọmọ náà. Èmi rò pé òye rẹ̀ pé. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà nílùú, ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pa. Ọ̀dọ́langba náà ṣe ìṣirò náà bó ṣe yẹ. Owó tó san fún un ni kò ṣeé kà.

Wàyí o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnì kan ni mo gùn bí ẹṣin. Ní 2001, àwọn oníwádìí kan tẹ èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Camberwell, ní gúúsù London. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí àìsàn ọpọlọ tó ń mú ni gbọ́ ohùn àìrí, tí wọ́n ń pè ní schizophrenia, ṣe ń bá àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun jà ládùúgbò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé níbi tí irú wọn bá ti pọ̀, àìsàn náà dín kù. Níbi tí wọ́n bá ti kéré níye, ó ga sókè. Ènìyàn dúdú kan náà ni, ìlú kan náà ni. Iye ojúlùmọ̀ tó yí i ká ló yàtọ̀. Ní 2005, Elizabeth Cantor-Graae àti Jean-Paul Selten kó àwọn ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ. Ewu àìsàn yìí fún ẹni tó fúnra rẹ̀ ṣí wá jẹ́ ìlọ́po 2.7 ti ọmọ onílé; ti ọmọ tí wọ́n bí sí àjò ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó ìlọ́po 4.5. Ẹni tó ti ilé wá mọ ibi tó ti wá. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ni kò rí ibi fẹ̀yìn tì. Adéwálé kò sọ pé òun ní àìsàn yẹn, èmi náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé bí a bá ní ká yan ibi tí ọpọlọ ọmọ dúdú ti lè dá wà jù lọ, a ò bá yan Tilbury.

Nígbà tó di ọmọ ọdún 16, bàbá tó bí i san owó ilé-ìwé fún un ní Surrey, ilé-ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn sí. Bàbá fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ yọ, ó sì ná owó sí i. Ìṣípòpadà kẹrin nìyẹn, kò sì sí àlàyé nínú èyí náà. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti já lé e lórí. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè sá pa mọ́ sí mọ́, àwọ̀ tó kórìíra ló kù fún un. Ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní gbangba, n kò ní fi kún un.

Ó yè é. Ó kàwé gba oyè nínú ìmọ̀ òfin ní King's College London, ó sì tún gba oyè kejì lé e: iṣẹ́ tí àwọn òbí rẹ̀ torí rẹ̀ gbé e sílẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ló bá fíìmù lọ. Bó ṣe dìde kò hàn kedere tó bó ṣe ṣubú, n kò sì fẹ́ràn àwọn tó máa ń fi ìparí ìtàn yìí ṣe ìwàásù pé ìyà ló ń sọ ọmọ di ènìyàn. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ló jáde tó di òṣèré.

Ohun kan máa ń bí mi nínú tí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín àwọn ọdún tí àwọn òbí wa ń gbé ìkókó lọ sí Kent yẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò wà ní Arò, ní Abẹ́òkúta, láti 1954, ó ń wo àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú. Òfin tó là sílẹ̀ ni pé kò sí aláìsàn tó gbọ́dọ̀ dá wá. Ẹbí kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ bá a wá, wọ́n á jọ máa gbé nínú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, onítọ̀hún á máa se oúnjẹ fún un, á máa pe orúkọ rẹ̀. Gbogbo ayé wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìmọ̀ náà wà nílé, lọ́wọ́ wa.

Lónìí, ìpolówó Nursery World ti di ìtàn, ṣùgbọ́n ọmọ kò tíì dẹ́kun láti máa ṣí káàkiri. Ìyá ń jápa lọ sí Manchester lọ ṣiṣẹ́, ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Òṣogbo fún ọdún mélòó kan, wọ́n á ránṣẹ́ sí i nígbà tó bá di ọmọ ọdún 13. Tàbí òbí ní Peckham, ní London, ń bẹ̀rù ọ̀bẹ ìgboro, ó ní káwọn lọ lo ìsinmi nílé, ọmọ á sì bá ara rẹ̀ ní ilé-ìwé kan ní Ìjẹ̀bú, ìwé ìrìnnà rẹ̀ á wà lọ́wọ́ bàbá. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé sísọ òtítọ́ á jẹ́ kí ọmọ ṣagídí. Carola Suárez-Orozco àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard tẹ̀ lé nǹkan bí 400 ọmọ tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà láti China, Haiti, Mexico, Dominican Republic àti Àárín Amẹ́ríkà. Nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2002, ọmọ 85 nínú 100 ló ti pínyà fún ìgbà kan pẹ̀lú bàbá, ìyá, tàbí àwọn méjèèjì. Àwọn tí àgbà bá jókòó, tó ṣàlàyé fún wọn ṣáájú pé fún ìgbà díẹ̀ ni, tó sì sọ ìdí rẹ̀, ló rù ú fúyẹ́ jù.

Òfin ìlú ọba náà ti yí padà. Lẹ́yìn ikú Victoria Climbié, ọmọ ọdún 8 láti Côte d'Ivoire tí wọ́n fìyà jẹ pa ní London ní 2000 lọ́wọ́ àǹtí bàbá rẹ̀ tí wọ́n fi í sí lọ́dọ̀, wọ́n fún okùn náà le. Ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ẹbí tímọ́tímọ́, tó bá fẹ́ gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbọ́dọ̀ sọ fún káńsù. Láti 2005, òṣìṣẹ́ káńsù gbọ́dọ̀ máa yọjú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ní ọdún àkọ́kọ́. Ó gbọ́dọ̀ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, kó béèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé wa níbẹ̀ ṣì ń fi ọmọ pa mọ́ fún òṣìṣẹ́ yìí, wọ́n ní káńsù fẹ́ gba ọmọ ọlọ́mọ.